Ẹ̀bùn Ẹ̀kọ́ Òkè-Òkun ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ òkè-òkun, tí ará ìlú ń pè ní sikọ́láṣípù, ni owó tí ìjọba tàbí àjọ ń san kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé lè kàwé lẹ́yìn odi. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ìpínlẹ̀ 9 tí NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ń bójú tó. Nítorí náà, ọmọ ìpínlẹ̀ náà tó jáde ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ (tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981), tàbí ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Oǹdó, lè du ẹ̀bùn oyè kejì òkè-òkun tí àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2010. PTDF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè ìmọ̀ epo, tó wà láti 1973, ń ran àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ epo àti gáàsì lọ́wọ́.

Èsì ìdánwò ni àwọn ẹ̀bùn wọ̀nyí kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe àpò òbí. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà: kí ẹ̀bùn tó dé, owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìrìnnà àti físà ti dí ọ̀nà mọ́ ọmọ tálákà. Ètò Opportunity Funds ti EducationUSA, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́ àwọn tó fẹ́ kàwé níbẹ̀ sọ́nà, fojú sí èyí, torí owó ìgbáradì bẹ́ẹ̀ ló ń gbé fún ọmọ tó mọ̀wé tí ọwọ́ òbí rẹ̀ kò tó.

Ewu mìíràn ni kí owó pẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2020, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí NDDC fún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ṣe ìwọ́de ní ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ tí wọn kò rí gbà.