Ẹgbẹ́ Òǹkàwé fún Àwọn Tí Kì Í Gbọ́ Ẹjọ́ Ẹnìkan Dá

Àwọn kan nínú wa ń gbèrò ẹgbẹ́ òǹkàwé tí yóò máa pàdé, oṣù kan ní Àkúrẹ́, oṣù kejì ní Oǹdó. Àwọn míì ní kò lè ṣeé ṣe, nítorí pé àwa ọmọ ilé-ìwé yìí kì í gba nǹkan gbọ́ láìjiyàn. Èmi wá ń sọ pé irú wa gan-an ni ìwé ìtàn ń fẹ́. Ṣebí àwọn àgbà ló ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìwé tí mo dábàá pé kí a fi bẹ̀rẹ̀ ni ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kọ. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe dé ọwọ́ wa. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sì sọnù sọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ. Òun náà kú ní 1920. 1921 ni ìwé jáde. Ìbéèrè wa àkọ́kọ́ rèé: èwo ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, èwo ni ti àbúrò?

Ìkejì: ta ló sọ fún un? Àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ni. Ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo gbogbo wa. Ó ní ayé Aláàfin Àjàká ni ayaba kan bí ìbejì. Pípa ni wọ́n ń pa ìbejì nígbà náà, ṣùgbọ́n ọba kò lè ṣe é. Ó ní kí wọ́n kó ìyá àtọmọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ibẹ̀ ló ní Oǹdó ti ṣẹ̀. Ẹ wá bi àwọn ará Oǹdó. Wọn á dárúkọ Pupupu, obìnrin tó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ Aláàfin Olúàṣo ni; àwọn mìíràn ní ọmọ Odùduwà ni, láti Ilé-Ifẹ̀. Ẹ má pe èyí ní eré o. Bó bá jẹ́ ọmọ Aláàfin, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Oǹdó ti yọ. Bó bá jẹ́ ọmọ Odùduwà, ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì. Oyè Lóbùn tí obìnrin ń jẹ, tó sì ń lọ́wọ́ nínú fífi Òṣemàwé jẹ, ń ti ìtàn ọba obìnrin náà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sọ baba rẹ̀ fún wa.

Johnson tún ní Olúàṣo bí ọmọ 1,460. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ ṣe é wò: ọmọ kan lójúmọ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko! Oríkì nìyẹn, kì í ṣe ìkànìyàn. Ṣé ká wá sọ ìwé náà nù ni? Rárá o. Nígbà tí wọ́n ń parí ogun Kírìjì ní 1886, Johnson fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn ọmọ ogun. Ohun tó fojú rí àti ohun tí wọ́n rọ́ fún un wà nínú ìwé kan náà. Iṣẹ́ òǹkàwé ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àkún ọrùn Aṣọdẹbóyèdé ló já, tí wọ́n fi kígbe pé "Àkún rẹ́!" Ní Oǹdó, wọ́n ní ọ̀pá iṣu tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ ni kò wọlẹ̀, tí wọ́n fi tẹ̀dó síbẹ̀. Ìtàn méjèèjì dùn. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú lè ti wà tipẹ́ kí ìtàn orúkọ tó dé.

Nítorí náà, òfin mẹ́ta ni mo mú wá. Èkíní, orí kan péré lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, ọmọ Oǹdó ni yóò gbèjà ìtàn Àkúrẹ́, ọmọ Àkúrẹ́ yóò gbèjà ti Oǹdó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù sọ ohun tí yóò mú un yí ọkàn padà, bó bá rí i. Ẹni tí kò bá sí ohun tó lè yí i lọ́kàn padà, kì í ṣe oníyèméjì; olóríkunkun lásán ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, "Àgbà ló sọ ọ́" kò ní tó fún ẹ̀rí nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ má bínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bíòbákú, tó bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá ní 1956, kó àwọn onímọ̀ èdè, àwọn awalẹ̀ àti àwọn òpìtàn jọ, nítorí pé ẹnu kan kò tó. Ẹ wá bá wa jókòó. Ẹ fún wa ní ìtàn tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì fún wa láyè láti bi yín pé: ta ló sọ fún yín?