Òfin Ìwé Àṣẹ Lórí Fífi Ètò Kan Sórí Kọ̀ǹpútà Púpọ̀

Òfin ìwé àṣẹ lórí fífi ètò kan sórí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ni àpapọ̀ àwọn òfin ìlú, àdéhùn òǹtajà àti ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ń sọ iye kọ̀ǹpútà tí ẹni tí ó sanwó fún ètò kan lè gbé e sí, iye ènìyàn tí ó lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí a bá fẹ́ kó o kúrò lórí ẹ̀rọ kan lọ sórí òmíràn. Ohun méjì ni ó mú ọ̀ràn náà le. Èkíní ni pé ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún ètò kan kò yàtọ̀ sí ẹ̀dà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná ẹni tí ó dà á kọ ní kọ́bọ̀. Èkejì ni pé kò sí bí a ti lè lo ètò rárá láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dà á kọ sínú ara rẹ̀. Nítorí náà ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí àwọn aṣòfin ìṣáájú ṣe nítorí ìwé àti orin, fi wá di alákòóso ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú yàrá rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ó fi owó ara rẹ̀ rà, tí àwọn tí ń ta ètò sì fi ń tẹnu mọ́ ọn pé àwọn kò ta ètò fún ẹnikẹ́ni, pé àṣẹ ìlò nìkan ni àwọn tà.

Ìtàn rẹ̀

Ní ayé ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ń gba odidi yàrá, kò sí ẹni tí ọ̀ràn yìí ń jẹ lọ́kàn, nítorí pé ẹni tí ó bá yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é a máa gba ètò mọ́ ọn, owó kan náà ni ó sì ń san lórí méjèèjì. IBM, àràbà tí igi igbó ń wárí fún nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà, ni ó yí ọ̀ràn padà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1969, oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́ pé ó fẹ́ gba ọjà náà mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò máa dá owó lé àwọn ètò kan lọ́tọ̀ sí owó ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí ètò ti ní owó tirẹ̀ ni ó ti di dandan láti béèrè ohun tí owó náà rà.

Ìbéèrè náà kò pẹ́ kí ó tó di ariwo. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré tí ènìyàn lè gbé sórí tábìlì ilé rẹ̀ dé, Bill Gates àti Paul Allen kọ ètò BASIC fún èyí tí ilé-iṣẹ́ MITS pè ní Altair, Monte Davidoff sì bá wọn lọ́wọ́ sí i; àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fàájì bẹ̀rẹ̀ sí í da tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ kọ fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, Gates, tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí wọn. Ó ní àwọn tí ó ra BASIC kò tó 10 nínú 100 àwọn tí ó ní Altair, àti pé bí a bá pín èrè tí ó wọlé sórí wákàtí tí àwọn fi ṣiṣẹ́ náà, kò tó dọ́là 2 ní wákàtí kan. Láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, olè ni ó pe ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ lẹ́tà náà sí bínú, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé wọn kò ní ìdí kankan, nítorí pé pípín iṣẹ́ ara ẹni fún ara ẹni ni àṣà tí wọ́n bá nílẹ̀, òfin ìgbà náà kò sì sọ ní kedere pé ètò kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ ààbò ẹ̀tọ́ àdàkọ.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí a mọ̀ sí CONTU; ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní ọdún 1978, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àbá rẹ̀ sì di òfin ní oṣù Kejìlá ọdún 1980. Apá 117 nínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn sọ pé ẹni tí ó bá ni ẹ̀dà ètò kan lè ṣe ẹ̀dà mìíràn bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tí ètò náà fi lè bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ó sì lè ṣe òmíràn pamọ́ nítorí ọjọ́ tí èyí tí ó ń lò bá bàjẹ́. Ààyè tí òfin náà fi sílẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ètò kan náà máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wá àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Àwọn òǹtajà kò fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ fún òfin nìkan. Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò tí ó jáde ní ọdún 1983, kì í ṣiṣẹ́ àfi bí díìsìkì tí a tà á lórí rẹ̀ bá wà nínú ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn ń ta irin kékeré kan mọ́ ètò wọn, tí a óò kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kí ètò náà tó gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ètò tí ń já irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Vault, tí ń ṣe díìsìkì alágàádágodo, pe ilé-iṣẹ́ Quaid lẹ́jọ́ nítorí èyí, ó sì gbára lé òfin ìpínlẹ̀ Louisiana tí ó fún òǹtajà láyè láti ka ẹ̀dà ṣíṣe léèwọ̀ pátápátá. Ní ọdún 1988, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé apá òfin ìpínlẹ̀ náà tako apá 117, kò sì lè dúró.

Ó yẹ kí a dárúkọ Borland níhìn-ín, nítorí pé ọ̀nà tí ó yàn ṣọ̀wọ́n, ó sì wu ni. Ilé-iṣẹ́ yìí, tí Philippe Kahn jẹ́ olórí rẹ̀, gbé Turbo Pascal jáde ní ọdún 1983 ní iye dọ́là 49.95, nígbà tí irú rẹ̀ ń gbówó lórí gan-an. Ìwé àṣẹ rẹ̀ kò gùn, ó sì yé ọmọdé: kí olùlò ṣe ètò náà bí ẹni ṣe ìwé kíkà, ẹni púpọ̀ lè lò ó, a sì lè gbé e láti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn, bí kò bá ti sí bí ènìyàn méjì yóò ti máa lò ó níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gbogbo ìwé àṣẹ tí ẹni tí ó kọ àyọkà yìí ti kà, kò sí èyí tí ó bọ̀wọ̀ fún òye olùlò tó èyí.

Ọ̀nà tí a ń gbà kà á

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni òǹtajà kọ̀ọ̀kan ni ó mọ ohun tí òun ń kà. Èyí tí ó le jù ni ìwé àṣẹ tí a dè mọ́ ẹ̀rọ kan, irú èyí tí Windows máa ń ní nígbà tí a bá rà á pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tuntun láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é; níbẹ̀, a kì í jẹ méjì lábà Àlàdé, ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá sì kú ni àṣẹ bá a kú. Àwọn mìíràn ń ka ènìyàn dípò ẹ̀rọ: fún ọdún púpọ̀ ni ìwé àṣẹ Microsoft Office fi gba ẹni tí ó ni ín láyè láti fi ẹ̀dà kejì sórí kọ̀ǹpútà àgbéká tirẹ̀, bí òun nìkan yóò bá máa lò ó. Adobe gba kọ̀ǹpútà 2, ṣùgbọ́n kò gbà kí a máa lo méjèèjì nígbà kan náà. Apple ta ẹ̀dà ìdílé fún Mac OS X láti ọdún 2002, dọ́là 199 fún kọ̀ǹpútà 5 nínú agbo ilé kan. Office Home and Student ti ọdún 2007 gba 3. Ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti yunifásítì, ohun tí a sábà máa ń kà ni iye àwọn tí ń lo ètò lọ́wọ́lọ́wọ́: a lè fi ètò sórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kan tí ó jẹ́ adènà wọn yóò sì máa fi àṣẹ fún iye tí a sanwó fún, títí ẹni kan yóò fi jáde kí ẹlòmíràn tó wọlé. Lórí sáfà, kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, ọ̀ràn náà ti wọ inú ẹ̀rọ lọ. Láti orí Windows Server 2016, ọpọlọ inú ẹ̀rọ (core) ni Microsoft ń kà, kò sì sí sáfà tí a lè ka tirẹ̀ sí ohun tí kò tó 16.

Láti ìgbà tí Windows XP ti jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2001 ni kíkà yìí ti kúrò lórí ìwé bọ́ sínú ètò fúnra rẹ̀: ètò náà yóò ṣàkíyèsí àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, yóò fi àmì wọn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, bí nọ́ńbà kan náà bá sì ti orí ẹ̀rọ mìíràn wá, ó lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Agbára tí èyí fi lé òǹtajà lọ́wọ́ hàn gbangba ní ọdún 2013, nígbà tí ìwé àṣẹ Office 2013 de ètò tí ènìyàn fi owó gidi rà ní ọjà mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí kò sì gbà kí a kó o lọ sórí òmíràn bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn oníbàárà figbe ta, ní oṣù Kẹta ọdún náà sì ni Microsoft yí i padà pé a lè kó o kúrò lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 90.

Ta ni ó ni ẹ̀dà?

Ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀ràn wà, àwọn amòfin kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. CONTU dábàá pé kí apá 117 ṣe ìrànwọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́; nígbà tí àwọn aṣòfin sọ ọ́ di òfin, ẹni tí ó ni ẹ̀dà ni wọ́n kọ, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀. Bí òǹtajà bá wá kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé ẹ̀dà kò di ti oníbàárà, ǹjẹ́ ààyè tí òfin fún un ti lọ nìyẹn?

Ní ọdún 2005, nínú ẹjọ́ Krause, tí ó kọ ètò, àti Titleserv, tí ó kọ ọ́ fún, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí ó wà ní New York wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ju ohun tí a kọ lọ: ilé-iṣẹ́ tí ó sanwó, tí ètò wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, tí ó sì lè pa á rẹ́ nígbà tí ó bá wù ú, ni ó ni ẹ̀dà náà. Ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ ti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Timothy Vernor ra àlòkù AutoCAD Release 14, ètò ilé-iṣẹ́ Autodesk, ó sì ń tà á lórí eBay. Ilé ẹjọ́ kékeré dá a láre, ṣùgbọ́n ti kòtẹ́milọ́rùn sọ pé bí òǹtajà bá ti kọ ọ́ pé àṣẹ ni òun fi fúnni, tí ó fi ìdènà tí ó lágbára sí títà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí ó sì fi òmíràn sí ìlò rẹ̀, oníbàárà kì í ṣe oní-nǹkan. Àwọn kan rí i pé ìdájọ́ méjèèjì tako ara wọn. Àwọn mìíràn ní ohun tí ó wà nínú ìwé àdéhùn ni ó mú wọn yàtọ̀, nítorí pé Krause kò fún Titleserv ní irú ìwé gígùn tí Autodesk ń lò. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ Vernor, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ń sọ pé òfin Amẹ́ríkà ti yanjú ọ̀ràn yìí rọra.

Irú ìyapa bẹ́ẹ̀ wà lórí ìwé àṣẹ inú páálí, èyí tí oníbàárà kì í rí kà títí yóò fi sanwó tán: ẹjọ́ Step-Saver ti ọdún 1991 kà á sí ohun tí kò sí nínú àdéhùn, ẹjọ́ ProCD ti ọdún 1996 sì gbà pé ó de oníbàárà bí ó bá láyè láti dá ọjà padà.

Bí a ti ń ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ àgbájọ ilẹ̀ Yúróòpù dájọ́ nínú ẹjọ́ Oracle àti UsedSoft, ilé-iṣẹ́ Jámánì tí ń ta àlòkù ìwé àṣẹ. Oracle ń tà á fún ẹni 25 ní ìdì kan, tí ó fi jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí ó nílò 27 gbọ́dọ̀ ra ìdì 2. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé ẹni tí ó san owó kan fún ẹ̀dà tí yóò máa lò láìní gbèdéke ọjọ́ ti rà á, ohunkóhun tí ìwé àṣẹ ìbáà pè é, ó sì lè tún un tà, àní bí ó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n kò lè já ìdì kan sí wẹ́wẹ́ kí ó ta àyè tí kò lò nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀dà ọwọ́ tirẹ̀ di aláìwúlò nígbà tí ó bá ń tà á. Ìdájọ́ yìí ni èyí tí ó ro ti oníbàárà jù lọ nínú gbogbo wọn.

Àwọn tí kò kà á

Richard Stallman, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983 láti ṣe ètò tí ẹnikẹ́ni lè pín fún ẹlòmíràn, gbé ìwé àṣẹ GPL àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1989. Kò sí òǹkà kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá ní ètò lè fi sórí ẹ̀rọ kan tàbí ẹgbẹ̀rún, kí ó sì fún ẹlòmíràn, bí ó bá ti fi ẹ̀tọ́ kan náà mọ́ ọn.

Ní Nàìjíríà

Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 1988 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀, òfin ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi díìsìkì kan ṣoṣo bá oníbàárà mẹ́wàá tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, wà lábẹ́ òfin àdàkọ bí ẹni tí ń tẹ ìwé oníwèé.

Ìyípadà lọ́ọ́lọ́ọ́

Láti ọdún 2013, nígbà tí Adobe sọ ètò rẹ̀ di èyí tí a ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, tí Microsoft sì gbé Office 365 Home Premium jáde fún kọ̀ǹpútà 5 ní dọ́là 99.99 lọ́dún, orúkọ tí ènìyàn fi ń wọlé ni ọ̀pọ̀ òǹtajà ń kà, kì í ṣe ẹ̀rọ mọ́. Ó rọrùn fún ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà púpọ̀, nítorí pé ó lè yọ ọ̀kan kí ó fi òmíràn rọ́pò láìtọrọ àyè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó bá tán ni àṣẹ tán, bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́ UsedSoft kò sì dé ibẹ̀, nítorí pé ẹ̀dà tí kò ní gbèdéke ọjọ́ nìkan ni ilé ẹjọ́ náà sọ pé a ti tà.