Ìtàn Ọkọ̀ Mendi

Láti Kaneshie dé etí òkun Ákrà kò jìnnà. Kí a tó ṣí èbúté Takoradi ní ọdún 1928, àwọn ọkọ̀ ńláńlá a máa dúró sí ojú agbami, nítorí pé Ákrà kò ní èbúté tí ó lè gbà wọ́n. Àwọn atukọ̀ alájẹ̀ ni í máa la ìgbì kọjá, tí wọn a kó kòkó lọ, tí wọn a sì kó ọjà Òyìnbó bọ̀. Nítorí irú òwò etí òkun báyìí ni a ṣe kan ọkọ̀ tí à ń pè ní Mendi.

Ìlú Glasgow ni a ti kàn án, a sì sọ ọ́ sí omi ní oṣù Òkúdu, ọdún 1905. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4,230 tóònù. Èédú ni a ń dá fún un, ooru omi gbígbóná ni ó sì ń tì í lọ. Abẹ́ Elder Dempster ni ó wà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo etí òkun wa. Orúkọ ẹ̀yà kan ní Sierra Leone ni wọ́n fi sọ ọ́. Láti Liverpool ni ó ti ń kó èrò, lẹ́tà àti ẹrù wá sí ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ inú rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ etí òkun yìí.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní gbóná, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní ọdún 1916. Wọ́n sọ àjà tí à ń kó ẹrù sí di ibùsùn ènìyàn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1917, ó gbéra ní Cape Town pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ South Africa tí ó lé ní 800. Wọn kì í ṣe jagunjagun. Iṣẹ́ agbára ni wọ́n ń lọ ṣe ní ilẹ̀ Faransé. Ọkọ̀ náà yà ní Èkó, níbi tí a ti gbé ìbọn ńlá kan sí ìdí rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé, kùrukùru bo ojú òkun lẹ́bàá erékùṣù Wight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Darro, ọkọ̀ tí ó tóbi ju ìlọ́po méjì Mendi lọ, ń sáré bọ̀, kò sì fọn fèrè. Ó kọlu Mendi ní ìhà ọ̀tún, nítòsí ibi tí àwọn ènìyàn sùn sí. Kò tó wákàtí kan tí Mendi fi rì. Ọ̀gá ọkọ̀ Darro kò rán ọkọ̀ kékeré kankan láti lọ yọ àwọn tí ń kú lọ nínú omi tútù. Ènìyàn 646 ni ó ṣòfò: 607 jẹ́ òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, 30 sì jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀.

Ìdájọ́ tí ó tẹ̀ lé e kò ju pé a gba ìwé àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀ Darro fún ọdún kan. Ìjọba South Africa kò sì jẹ́ kí a fún àwọn òṣìṣẹ́ dúdú náà ní àmì ẹ̀yẹ ogun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó tí ń ṣe olórí wọn gbà á.

Ẹnu àwọn ènìyàn wọn ni ó pa ìtàn náà mọ́. Akéwì Mqhayi kéwì nípa rẹ̀ ní èdè Xhosa. Àwọn òbí sì ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ní ọdún 1974 ni a tó mọ̀ dájú pé Mendi ni àfọ́kù ọkọ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun níbẹ̀. Láti ọdún 2003 ni South Africa ti ń fi orúkọ rẹ̀ dá àwọn akíkanjú lọ́lá. Ní ọdún 2018, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá agogo ọkọ̀ náà padà fún wọn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. South Africa ti wo ẹ̀yìn, wọ́n sì ti rí àwọn ènìyàn wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ etí òkun wa pẹ̀lú wà nínú àwọn 30 tí ó bá ọkọ̀ náà lọ. Ta ni ń sọ ìtàn tiwọn ní àwọn èbúté tí wọ́n ti lọ? Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ nípa ogun náà kò gbọdọ̀ fò wọ́n dá.