Bí èdè Lárúbáwá ṣe ń sọ àná, òní àti ọ̀la: àlàyé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ sí ilé-kéwú ló lè ka Lárúbáwá geerege, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí wọ́n sọ bóyá ohun tí wọ́n kà ti ṣẹlẹ̀ tán tàbí ó ṣì ń bọ̀, ọ̀rọ̀ a di wò-mí-n-wò-ọ́. Ẹ̀bi wọn kọ́. Kíkà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ni; gírámà a máa dé lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àsìkò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó kọ dafaʿtu sínú lẹ́tà òwò ń sọ pé òun ti sanwó. Ẹni tó kọ sa-adfaʿu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣèlérí ni. Lẹ́tà Yorùbá la ó fi kọ àwọn àpẹẹrẹ wa, kí ó lè yé tèwe tàgbà.

Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ló sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀-ìṣe Lárúbáwá. K, t àti b ló wà nídìí ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìwé kíkọ. Bí ìṣe bá ti parí, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni àmì olùṣe máa ń wà: kataba, ọkùnrin kan kọ̀wé, katabat, obìnrin kan kọ̀wé, katabtu, mo kọ̀wé, katabnā, a kọ̀wé. Bí ìṣe kò bá tíì parí, àmì náà a bọ́ síwájú: yaktubu, ó ń kọ̀wé, taktubu, obìnrin náà ń kọ̀wé, aktubu, mo ń kọ̀wé, naktubu, a ń kọ̀wé. Yorùbá kò ya “ó” ti ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ti obìnrin, ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi máa ń sọ pé ìyá òun kataba.

Àwọn onígírámà Lárúbáwá pe kataba ní māḍī, èyí tó ti kọjá. Muḍāriʿ ni wọ́n pe yaktubu, orúkọ yìí kò sì mẹ́nu kan àsìkò rárá. “Èyí tó jọ nǹkan” ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé ìparí rẹ̀ máa ń yí padà bíi ti ọ̀rọ̀-orúkọ. Yaktubu lè jẹ́ “ó ń kọ̀wé”, ó lè jẹ́ “ó máa ń kọ̀wé”, bí ghadan, ìyẹn ọ̀la, bá sì tẹ̀lé e, ó lè jẹ́ “yóò kọ̀wé”. Kí èyí má ya yín lẹ́nu. Àwa náà ní ohun tí àwọn onímọ̀ èdè wa ń pè ní àsìkò afànámónìí: “ó kọ̀wé” ń tọ́ka sí ohun tó ti kọjá, “ó mọ̀ ọ́n” ń tọ́ka sí ìsinsìnyí, kò sì sí àmì kankan lára méjèèjì.

Fún ọjọ́ iwájú, ẹ fi sa tàbí saofa síwájú yaktubu, ó parí. Àwọn onígírámà kan ní saofa jìnnà ju sa lọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé kò ka ìyẹn sí. Qad kataba ni “ó ti kọ̀wé”; ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, qad yaktubu ni “ó ṣeé ṣe kí ó kọ̀wé”. Kāna yaktubu ni “ó máa ń kọ̀wé tẹ́lẹ̀”, tàbí “ó ń kọ̀wé nígbà náà”.

Ibi tó ti ń ta kókó ni kíkọ̀. Mā kataba ni “kò kọ̀wé”, èyí rọrùn. Ṣùgbọ́n lam yaktub náà ni “kò kọ̀wé”! Ìrísí tó dà bíi ti òní ni, fáwẹ̀lì ìparí rẹ̀ ti bọ́, lam sì ti dá a padà sí àná. Lā yaktubu ni “kì í kọ̀wé”. Lan yaktuba ni “kò níí kọ̀wé”: ìparí di a, sa kò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ pé lā sa-yaktubu dà bí ẹni tó ń sọ pé “kò yóò kọ̀wé”. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun kan ṣì wà tó ti kó àwọn ògbufọ̀ sí ìṣòro. Lárúbáwá máa ń fi ìrísí àná ṣàdúrà. Rahimahullāh tí à ń sọ nípa olóògbé, ìrísí ohun tó ti kọjá ló ní, ṣùgbọ́n “kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “Ọlọ́run ti kẹ́ ẹ” ti sọ ohun tí ènìyàn kan kò lè mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni idhā: idhā wasala Mūsā kì í ṣe “Músá ti dé”, bí kò ṣe “bí Músá bá dé”.

Lárúbáwá inú ìwé la ṣàlàyé yìí o. Ẹni tó bá dé Kairo yóò gbọ́ biyiktib fún “ó ń kọ̀wé” àti hayiktib fún “yóò kọ̀wé”, makatabsh ni yóò sì máa gbọ́ dípò lam yaktub.