Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí iṣẹ́ kan ò yọ lọ́wọ́ la sábà máa ń fi í tù nínú. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ọjà tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí odò bá kún bo ọ̀nà náà ni ọjà ọ̀hún tú. Ìkìlọ̀ yìí kan ojú òkun, ojú òfurufú àti ojú ogun gbọ̀ngbọ̀n.

Rédíò tí atukọ̀ fi ń bá èbúté sọ̀rọ̀ kì í fìgbà gbogbo dé agbami dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá àjọ Inmarsat sílẹ̀ lọ́dún 1979, kí sátẹ́láìtì tó ga tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà lè máa gba ìpè ọkọ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ṣòfin ojú òkun ò torí sátẹ́láìtì sọ rédíò nù. Dandan ni kí ọkọ̀ òkun ńlá tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn ní, ó kéré tán, ọ̀nà méjì tí yóò fi ké gbàjarè sí èbúté, kí ọ̀kan má sì gbára lé èkejì.

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹta, ọdún 2014, bàálù MH370 gbéra ní Kuala Lumpur pẹ̀lú èèyàn 239. Kò pé wákàtí kan tí ohùn awakọ̀ fi dákẹ́. Ẹ̀rọ sátẹ́láìtì inú rẹ̀ ló ṣì ń dá Inmarsat lóhùn títí aago mẹ́jọ àárọ̀ fi kọjá. Ìdáhùn wọ̀nyẹn ni àwọn onímọ̀ fi mọ̀ pé apá gúúsù Òkun Íńdíà ló forí lé.

Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì náà lè di ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2022, bí ọmọ ogun Rọ́ṣíà ṣe fẹ́ ya wọ Ukraine, wọ́n gba orí kọ̀ǹpútà kọlu nẹ́tíwọ́ọ̀kì sátẹ́láìtì KA-SAT, tí ọmọ ogun Ukraine ń lò. Sátẹ́láìtì ò fara pa lókè. Módẹ́ẹ̀mù orí ilẹ̀ ló kú lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Títí dé Jámánì, nǹkan bí 5,800 ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná ni kò ṣeé mójú tó láti òkèèrè mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ra ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ fún ọkọ̀, bàálù àti ọmọ ogun wa, ẹ tètè béèrè èyí tí a ó lò bí àkọ́kọ́ bá dí. Kí ẹ sì máa dán an wò nígbà tí ara ṣì dẹ̀, torí ọjọ́ ìjà kọ́ là ń kọ́ ìjà.