Ilé mú ooru, ooru mú ènìyàn: ìtàn ìmọ̀ nípa ooru ìgboro àti ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta

Ìgboro sábà máa ń móoru ju ìgbèríko lọ, pàápàá ní òru. Ó ti tó 200 ọdún tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ti ń wọn èyí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀n láàárín àkókò náà, àti pé Yorùbá tí a ń sọ ní ilé wa ní Tchaada, ní agbègbè Ifangni, ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló ṣáájú. Luke Howard, apòògùn ará London, ni ẹni tó fún oríṣiríṣi àwọsánmà lórúkọ ní 1802. Nínú ìwé rẹ̀, The Climate of London, tí apá rẹ̀ méjèèjì jáde ní 1818 àti 1820, ó fi ooru inú ìlú wé ti ìgbèríko tó yí i ká. Àtẹ̀jáde 1833 sọ pé ní òru, ìlú fi nǹkan bíi dígírì 3.7 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn bíi 2 lórí ti Celsius, ju ìgbèríko lọ. Ní ọ̀sán, ìlú ló tilẹ̀ tutù díẹ̀ jù. Ó ka iná ìdáná, ọ̀pọ̀ èrò, ògiri tó ń gba ooru sára, ilé tó ń dí atẹ́gùn lọ́nà, àti ilẹ̀ tí kò ní ọ̀rinrin mọ́ àwọn ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ àwọsánmà lórúkọ kò sọ èyí lórúkọ. Ní 1929, Albert Peppler ní Jámánì kọ Wärmeinsel, erékùṣù ooru, nípa ìlú Karlsruhe. Faransé ń pè é ní îlot de chaleur urbain lónìí. Àwòrán orí máàpù ni orúkọ náà: bí a bá fi ìlà so àwọn ibi tí ooru wọn dọ́gba pọ̀, ìlú á dàbí erékùṣù láàárín omi.

Ohun kejì ni ojú ilẹ̀. Ní 1972, P. K. Rao fi sátẹ́láìtì wo ooru àwọn ìlú kan ní Amẹ́ríkà. Sátẹ́láìtì kò wọn afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Òrùlé, títì àti orí igi ló ń rí. Ohun kẹta ni ara ènìyàn. Ní 2010, Ahmed Balogun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àárín ìlú Àkúrẹ́ wé ìgbèríko, wọ́n sì rí i pé ìnira ooru lára ènìyàn pọ̀ jù nínú ìlú.

Faransé, èdè tí mo fi kàwé láti kékeré, ń lo chaud fún gbogbo rẹ̀: l'eau est chaude, il fait chaud, j'ai chaud. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀. Omi gbóná, páànù gbóná: ohun tí ọwọ́ lè kàn ni. Yàrá móoru: ibi tí ooru há sí ni. Ooru ń mú mi: ara ló kàn. Lóòótọ́, a lè sọ pé ooru mú lónìí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé ara ènìyàn ló ń mú. Móoru fúnra rẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ mú àti ooru. Ilé mú ooru. Lẹ́yìn náà, ooru mú ẹni tó wà nínú ilé. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Àbọ̀ ti gbólóhùn àkọ́kọ́ ló di olùwà ti èkejì.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Oòrùn a máa pa ògiri sìmẹ́ǹtì láti àárọ̀, ògiri a sì máa fi ooru náà pa mọ́. Páànù tètè ń gbóná, ó sì tètè ń tutù. Ògiri kì í yára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ó ń tú ooru sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ilé kejì kọjú sí i, ojú ọ̀run kò sì hàn tó láti gbà á. Ní oko, ewé ń tu omi jáde, omi náà sì ń gbé ooru lọ; ilẹ̀ gbalasa náà ń tètè tutù lóru.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nígbà tí a bá ń túmọ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá sọ lórí rédíò pé ìlú gbóná, olùgbọ́ á rò pé ìjà ti dé. Bí aláṣẹ bá sì fi àwòrán sátẹ́láìtì ọ̀sán nìkan ṣe ìpinnu, ohun tó gbóná ló mọ̀. Kò tíì mọ̀ nípa ìyá arúgbó tí ooru kò jẹ́ kó sùn lóru.

Nítorí náà, mo dábàá ìgbóná ojú-ilẹ̀ fún ti sátẹ́láìtì, ìmóoru ìgboro fún ti afẹ́fẹ́, àti ìnira ooru fún ti ara. Erékùṣù ooru kò burú, ṣùgbọ́n bí ìlú ṣe rí lórí máàpù nìkan ló ń sọ. Ìmóoru ń sọ fún ọmọ ilé-ìwé ní Tchaada pé ohun kan wà tó mú ooru náà dání, ọmọ náà á sì béèrè pé kí ni.