Ẹ̀tọ́ Àbínibí àti Ìbọn ní Amẹ́ríkà: Ta Ni Òfin Kà Mọ́ Ènìyàn?

Àríyànjiyàn lórí ìbọn ní Amẹ́ríkà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí Àtúnṣe Kejì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, èyí tó di òfin ní ọdún 1791. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ó ní ẹgbẹ́ ológun ará ìlú tó wà létòlétò ṣe pàtàkì fún ààbò ìpínlẹ̀ olómìnira. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ tí àwọn ènìyàn ní láti ní ohun ìjà àti láti gbé e, a kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tí ìtàn kò jẹ́ kó sùn ni pé: àwọn wo ni “àwọn ènìyàn” náà?

Èrò yìí ti wà ṣáájú Amẹ́ríkà. Ní 1689, lẹ́yìn tí Ọba James Kejì sá fi ìtẹ́ sílẹ̀, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀sùn kàn án pé ó gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Wọ́n kọ ọ́ sínú Ìwé Ẹ̀tọ́ pé Pùròtẹ́sítáǹtì lè ní ohun ìjà fún ààbò ara rẹ̀, bí ipò rẹ̀ bá ṣe rí àti bí òfin bá ṣe yọ̀ǹda. Ní 1765, William Blackstone, àgbà amòfin, so ẹ̀tọ́ yìí mọ́ ẹ̀tọ́ àbínibí tí ènìyàn ní láti dáàbò bo ẹ̀mí ara rẹ̀ àti láti kọjú ìjà sí aninilára. Lójú àwọn onírònú wọ̀nyí, ìjọba kọ́ ló fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ náà. A bí i mọ́ ọn ni, iṣẹ́ òfin ni láti ṣọ́ ọ. Síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ààlà ti wà: Pùròtẹ́sítáǹtì ni òfin 1689 fún ní ẹ̀tọ́ náà, kò fún Kátólíìkì.

Ní Amẹ́ríkà, àwọ̀ ara ni ààlà. Nínú ẹjọ́ Dred Scott ní 1857, Roger Taney, olórí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ka àwọn ohun tí yóò tẹ̀ lé e bí a bá gba aláwọ̀ dúdú ní ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọ̀kan nínú wọn ni pé yóò lè ní ohun ìjà, kí ó sì gbé e lọ síbi tó wù ú. Lójú Taney, èyí wà lára ìdí tí kò fi yẹ kí a gbà bẹ́ẹ̀.

Òpin dé bá oko ẹrú ní 1865, ṣùgbọ́n kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Lọ́dún náà gan-an, Mississippi ṣòfin pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Ilé aṣòfin àpapọ̀ fèsì ní 1866 pé ẹ̀tọ́ láti gbé ohun ìjà kò gbọdọ̀ yà nítorí àwọ̀ tàbí nítorí pé ènìyàn ti ṣe ẹrú rí. Àtúnṣe Kẹrìnlá sì di òfin ní 1868.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, 1873, ọjọ́ Àjíǹde, àwọn aláwọ̀ funfun tó dira ogun kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọ́ ilé-ẹjọ́ ìlú Colfax ní Louisiana. Wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, àní lẹ́yìn tí wọ́n ti túúbá. Nígbà tí ẹjọ́ náà, tí a mọ̀ sí Cruikshank, parí ní 1876, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé ìwé òfin kọ́ ló dá ẹ̀tọ́ láti gbé ohun ìjà sílẹ̀, ẹ̀tọ́ náà kò sì gbára lé ìwé òfin kó tó wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ nìkan ni Àtúnṣe Kejì dè lọ́wọ́. Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ bá já ohun ìjà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lọ bá ìpínlẹ̀ rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe yin ẹ̀tọ́ náà pé àbínibí ni, tí wọ́n sì fi àwọn tó nílò rẹ̀ jù lọ sílẹ̀ láìní aláàbò. Ní 1892, Ida B. Wells, tó ń bá ìpànìyàn láìdájọ́ jà, gba àwọn ènìyàn rẹ̀ níyànjú pé kí ìbọn ní àyè iyì nínú ilé wọn, nítorí pé òfin kọ̀ láti dáàbò bò wọ́n.

Ní 2008, nínú ẹjọ́ Heller, márùn-ún nínú adájọ́ mẹ́sàn-án gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀tọ́ náà, fún ààbò ara ẹni nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ààlà. Mẹ́rin yòókù ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ológun ará ìlú ni. Ní 2010, ẹjọ́ McDonald, tí àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan ní Chicago wà lára àwọn tó pè é, mú kí ẹ̀tọ́ náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Adájọ́ Clarence Thomas tọ́ka sí Colfax nínú èrò tirẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé a bí ẹ̀tọ́ mọ́ gbogbo ènìyàn. Ọ̀tọ̀ ni kí a ka gbogbo ènìyàn mọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìbọn ka orí ẹ̀tọ́ àbínibí, yálà ó fara mọ́ ọn tàbí kò fara mọ́ ọn, ní láti ka ìdájọ́ 1876 pọ̀ mọ́ gbólóhùn 1791.